Ìmọ̀ Àjọní Nínú Ikọ̀ Tó Ń Ṣe Sọ́fítíwìà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kí Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Wọnú Ara Wọn

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń ṣe àáró, ìpàdé kì í pọ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè nínú poro tirẹ̀ yóò rí ibi tí ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ kọbè dé, yóò rí ibi tí òkúta wà, yóò sì mọ̀ láìbéèrè bóyá kí òun yára ni tàbí kí òun dúró. Iṣẹ́ sọ́fítíwìà kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá lè jókòó sínú yàrá kan náà láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe, nítorí pé kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ohun tí a ń wò láti òkèèrè. Ohun tí àgbẹ̀ ń fi ojú rí, ìmọ̀ tí gbogbo ikọ̀ jọ ní ló gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún àwa tí à ń kọ kóòdù. Orí èrò yìí ni mo gbé ìtọ́sọ́nà yìí kà fún ẹni tó ń darí ikọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni mẹ́ta nínú yàrá kan ní Yábàá tàbí ogójì èèyàn tó tàn káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ olórí ikọ̀ gbà pé ìpàdé ni oògùn gbogbo èdè-àìyedè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn márùn-ún bá ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà ọ̀rọ̀ 10 ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ọ̀nà náà di 45. Bí wọ́n bá di ogún, ó di 190. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360 (sọ́fítíwìà ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà) ní ilé iṣẹ́ IBM, lo ìṣirò yìí ní ọdún 1975 nígbà tó ń ṣàlàyé ìdí tí fífi èèyàn kún iṣẹ́ tó ti pẹ́ fi máa ń mú kó túbọ̀ pẹ́. Kò sí ìpàdé tó lè kárí ọ̀nà 190. Ohun tó ń dín ọ̀rọ̀ kù ni pé kí àwọn èèyàn ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọn ìbá béèrè.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí gbogbo ikọ̀ jọ mọ̀: ẹni tó mọ kí ni, ohun tí apá kan ń retí lọ́wọ́ apá kejì, àti ìdí tí a fi ṣe ohun tí a ṣe. Ìyókù lè wà lórí ẹnìkan tàbí ẹni méjì láìsí ewu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ẹni tó mọ kí ni sílẹ̀

Ní ọdún 1985, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí tọkọtaya tó ti pẹ́ pọ̀ ṣe máa ń pín ìrántí láàárín ara wọn. Ìyàwó lè mọ ìgbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yẹ ní sísan, ọkọ lè mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kò sì sí wàhálà, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mọ ohun tó wà lórí ẹnìkejì. Wàhálà ń dé nígbà tí olúkúlùkù bá rò pé ẹnìkejì ló mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Ẹ ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ to gbogbo apá sọ́fítíwìà yín sí apá òsì: ìforúkọsílẹ̀ oníbàárà, ìsanwó, fífi SMS ránṣẹ́, ìròyìn ìparí oṣù, sáfà (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwìà náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀). Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì: ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, àti ẹni tó lè dìde sí i bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí àwọn èèyàn bá fi ẹnu sọ nìkan, nítorí pé onítìjú yóò ní òun kò mọ̀, aláyà-líle yóò sì ní òun mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ bi Git léèrè pẹ̀lú, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe kóòdù àti ẹni tó ṣe é. Bí àpẹẹrẹ, àṣẹ git shortlog -sn --since="6 months ago" HEAD -- payments/ yóò ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kan apá ìsanwó láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé èsì rẹ̀ kì í sábà bá ohun tí ọ̀gá ní lọ́kàn mu.

Ibi tí orúkọ kan ṣoṣo bá wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Àwọn òyìnbó máa ń béèrè pé bí bọ́ọ̀sì bá gbá ẹni yìí ńkọ́. Ní tiwa, kò dìgbà tí bọ́ọ̀sì bá gbá èèyàn: físà lè jáde lọ́jọ́ Ajé, kí onítọ̀hún sì ti japa kí oṣù tó parí, tòun ti gbogbo ohun tó mọ̀ nípa bí owó ṣe ń wọlé. Iṣẹ́ Linux, sọ́fítíwìà tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí ń ṣe, ní fáìlì kan tó ń jẹ́ MAINTAINERS, tó sọ ẹni tí a ó fi àtúnṣe apá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí. Bí iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè kó tirẹ̀ sínú fáìlì kan, ti ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kò yẹ kó ju ojú ìwé kan lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fìdí ohun tó wà ní ààlà múlẹ̀

Àárín oko kì í sábà dá ìjà sílẹ̀, ààlà ni. Apá tí ẹnìkan ń dá kọ, tó sì ń dá tún ṣe, kì í pa iṣẹ́ lára bí ibi tí iṣẹ́ ẹnìkan ti ń wọnú ti ẹlòmíràn, nítorí náà ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìmọ̀ àjọní nípọn sí jù lọ.

Ẹ wo Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú tí NASA fi ránṣẹ́ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1998, tó sì sọnù ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999. Lockheed Martin ní Colorado ló kọ sọ́fítíwìà tó ń ṣírò agbára tí ẹ̀rọ kékeré ara ọkọ̀ náà ń lò nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tan án. JPL, ilé ìwádìí NASA ní California, ló ń gba ìṣirò náà láti fi mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀. Àwọn ti Colorado ń fi pọ́ùn wọn agbára náà, àwọn ti California sì ń kà á bí newton, ìwọ̀n agbára mìíràn, bẹ́ẹ̀ pọ́ùn kan jẹ́ nǹkan bíi newton 4.45. Ibi tí wọ́n rò pé ọkọ̀ náà yóò gbà kọjá jìnnà sí ilẹ̀ Mars ní kìlómítà 226. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìjàm̀bá fi hàn pé nǹkan bíi kìlómítà 57 ló gbà.

Ohun tó yẹ kí olórí ikọ̀ ronú lé jù nínú ìtàn yìí ni pé ìwé àdéhùn wà láàárín ibi méjèèjì, ìwé náà sì sọ gbangba pé newton ni kí wọ́n lò. Ìwé wà, ìmọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ kóòdù. Bákan náà, ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé àwọn atukọ̀ orí ilẹ̀ kò mọ bí ọkọ̀ yìí ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀: wọ́n ń tan ẹ̀rọ kékeré náà ní ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá iye tí wọ́n retí, tí àṣìṣe kékeré sì ń gun orí ara wọn. Àwọn kan tilẹ̀ fura pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n íméèlì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ọ́ dípò kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ẹ lọ sí Mars kí ẹ tó rí irú èyí. Nínú ikọ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn tó ń ṣe ojú fóònù ń fi iye owó ránṣẹ́ ní náírà, àwọn tó ń ṣe ìsanwó sì ń kà á bíi kọ́bọ̀, nítorí pé kọ́bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìsanwó máa ń gbà. Oníbàárà tó ra ọjà 5,000 náírà san 50 náírà. Ìdánwò apá méjèèjì ló yege lọ́jọ́ náà, torí pé apá kọ̀ọ̀kan ń dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀.

Nítorí náà, fún ààlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, jókòó pọ̀ kí wọ́n sì kọ èsì àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé kan náà. Ìwọ̀n wo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà: kọ́bọ̀ àbí náírà, ìṣẹ́jú àáyá àbí ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀? Aago ibo ni àkókò tí a kọ tẹ̀lé: ti Èkó àbí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé? Bí èsì kò bá dé, ṣé kí apá tó béèrè tún béèrè ni, àbí kí ó dúró? Bí ìbéèrè kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí ẹ má fojú fò, nítorí pé àìdáhùn rẹ̀ ló sábà máa ń mú kí báńkì yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já tó tún ń so. Níkẹyìn, ta ni a gbọ́dọ̀ sọ fún kí a tó yí ohunkóhun padà níbẹ̀, ọjọ́ mélòó ṣáájú?

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ìwé náà di ìdánwò tí ẹ̀rọ lè ṣe. Kí fáìlì àpẹẹrẹ kan ṣoṣo wà, kí ìdánwò apá méjèèjì máa kà láti inú rẹ̀, kí ó má sì ṣeé ṣe fún apá kan láti yí i padà kí ti apá kejì má wó lójú ẹsẹ̀. Ìwé tí kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ lè sùn sí ibi tí ìwé àdéhùn ti newton yẹn sùn sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ ìdí

Kóòdù ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Kò lè sọ ìdí tí ẹ kò fi ṣe é lọ́nà mìíràn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà, àkísà ikọ̀ sọ́fítíwìà sì ni gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbìyànjú rí tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tuntun tí kò mọ ìtàn náà yóò tún gba ọ̀nà kan náà, tàbí kí ó tún nǹkan tó rò pé ó ti kú lò.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dé bá Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Kóòdù àtijọ́ kan, Power Peg, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003, ṣì wà lórí sáfà wọn. Àwọn tó kọ kóòdù tuntun tún àmì tó ń tan kóòdù àtijọ́ náà lò fún iṣẹ́ mìíràn. Sáfà méje nínú mẹ́jọ gba kóòdù tuntun, ọ̀kan kò gbà á, àmì náà sì jí òkú dìde lórí ọ̀kan yẹn. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, wọ́n pàdánù owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wọn ti fi íméèlì 97 tó dárúkọ Power Peg ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n irú íméèlì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kà bí ìkìlọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ láti tọ́jú ìdí ni èyí tí Michael Nygard, ònkọ̀wé nípa sọ́fítíwìà, dábàá ní ọdún 2011: fún ìpinnu ńlá kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ìwé kúkúrú tó ní àkọlé, ipò tí ìpinnu náà wà, ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká, ìpinnu fúnra rẹ̀, àti ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde, rere àti búburú. Ó lè rí báyìí:

Ìpinnu 14: Kọ́bọ̀ ni a ó fi máa tọ́jú gbogbo owó. Ipò: a ti fọwọ́ sí i. Ohun tó yí i ká: nọ́ńbà tó ní ìdá kì í pé nínú kọ̀ǹpútà, débi pé 0.1 àti 0.2 kì í di 0.3 géérégé, ìròyìn ìparí oṣù wa sì ti yàtọ̀ sí ti báńkì lẹ́ẹ̀mejì. Ìpinnu: odidi nọ́ńbà ní kọ́bọ̀ ni kí ó wà nínú dátábéèsì (ibi tí a ń tọ́jú ìsọfúnni sí) àti ní gbogbo ààlà, ojú fóònù nìkan ni yóò sọ ọ́ di náírà. Àbájáde: ìṣirò yóò pé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka dátábéèsì tààrà gbọ́dọ̀ rántí láti fi 100 pín in.

Inú àpótí kóòdù gan-an, ibi tí Git ń tọ́jú kóòdù yín sí, ni kí ìwé yìí wà. Bí ìpinnu bá yí padà, ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ sí ipò rẹ̀ pé ìpinnu 31 ti rọ́pò rẹ̀. Ìlà tí a bá ń kọ nígbà tí a bá ń fi kóòdù sínú Git náà jẹ́ ibi tí ìdí lè gbé. «Mo tún nǹkan ṣe» kò sọ nǹkankan fún ẹni tó máa ṣí i ní agogo méjì òru.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí ibi tí iṣẹ́ dé hàn

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣíwọ́, kí ó kọ ìlà mẹ́ta síbi tí gbogbo ikọ̀ ti lè rí i: ohun tó parí, ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn lọ́la, àti ohun tó ń dúró dè, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ohun náà yóò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìlà kejì ló wúlò jù, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wọ inú fáìlì kan náà tètè pariwo.

Bí ikọ̀ yín bá pín sí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ẹ kọ aago sílẹ̀ pẹ̀lú. Aago Nàìjíríà kì í yí. Ti Lọ́ńdọ̀nù bá tiwa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn nígbà òtútù. Houston ń fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn. Amẹ́ríkà àti Bírítéènì kì í yí aago tiwọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà nínú oṣù Kẹta tí ìpàdé tó bá aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu tẹ́lẹ̀ yóò já sí ibi tí kò yẹ.

Ní ti WhatsApp, ẹ máa fi ṣeré, kí ẹ sì máa fi kí ara yín, ṣùgbọ́n ìpinnu tó bá wáyé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò ti bọ́ sí abẹ́ àádọ́ta ìkíni ọjọ́ ìbí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé ìmọ̀ láti orí kan dé orí kejì

Àwọn ìmọ̀ kan wà tí ìwé kò lè gbà. Peter Naur, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Denmark, jiyàn ní ọdún 1985 pé òye tó wà lórí àwọn tó kọ sọ́fítíwìà ni sọ́fítíwìà gan-an, àti pé bí ikọ̀ náà bá túká, sọ́fítíwìà náà ti kú bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ lo àyẹ̀wò kóòdù, ìyẹn kí ẹlòmíràn ka àtúnṣe kí a tó gbà á wọlé, láti pín òye, kì í ṣe láti wá àṣìṣe nìkan. Bí àtúnṣe bá kan ààlà, ẹni tó wà ní òdìkejì ààlà náà ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni kejì tó wà lórí ojú ìwé ti ìgbésẹ̀ kìíní ṣe iṣẹ́ kan ní apá náà lóṣooṣù, kí ẹni àkọ́kọ́ jókòó tì í láìfọwọ́ kan bọ́tìnì. Ẹ máa yí ẹni tí ẹ̀rọ máa ń pè lóru nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ po pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé òyìnbó kì í sọ, tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ohun tó ṣe kò tọ́. Bí ọ̀gá bá fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, àbúrò yóò kàn kọ pé «Ọ̀gá, ó dára, ẹ kú iṣẹ́», ìmọ̀ tó wà lórí àbúrò náà yóò sì kú síbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí kọ́ ni kí ẹ lé jáde nínú ikọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ni kí ẹ yí padà. Kí ọ̀gá béèrè tààrà: «Sọ ohun méjì tó lè bàjẹ́ níbí fún mi.» Nígbà náà, dídáhùn ló di ìgbọ́ràn. Mo ti rí i tí ọmọ tó wá kọ́ iṣẹ́ dáhùn irú ìbéèrè yìí, tí èkejì nínú ohun tó sọ sì gbà wá lọ́wọ́ òru àìsùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gé e kúrú

Nígbà iṣẹ́ OS/360, Brooks fẹ́ kí olúkúlùkù rí gbogbo ìwé nípa gbogbo apá. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ìwé náà ti nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, nǹkan bíi 150 ojú ìwé àtúnṣe ló sì ń wọlé lójúmọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi sí àyè rẹ̀. David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ta kò ó: ó ní ohun tó wà ní ààlà nìkan ni kí a fi hàn, kí inú apá kọ̀ọ̀kan wà ní ìpamọ́, kí ẹlòmíràn má baà gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka ohun tó lè yí padà lọ́la. Ní ọdún 1995, Brooks kọ ọ́ sílẹ̀ pé Parnas ló tọ̀nà, òun ló ṣì í.

Nítorí náà, kí gbogbo ìwé ní orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tó kà á kẹ́yìn. Ní ìdajì ọdún kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí, ẹ yọ ọ́. Ìwé tó ń purọ́ burú ju àìsí ìwé lọ, torí pé ẹni tí kò ní ìwé yóò ṣì béèrè.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dán an wò

Ẹ má fi iye ìwé tí ẹ ti kọ díwọ̀n. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ fún un ní àtúnṣe kékeré kan tó kan ààlà, kí ẹ sì ní kí ó kọ gbogbo ìbéèrè tó bá bi ẹnikẹ́ni sínú ìwé kan láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá a lóhùn. Bí orúkọ kan náà bá pọ̀ jù nínú ìwé náà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún fún apá tí ẹni náà mú lọ́wọ́. Bí ó bá béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹni méjì tí èsì wọn sì yàtọ̀, ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n kọ èsì kan ṣoṣo sí ìwé ààlà. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ tuntun méjì bá ti béèrè, ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kẹ́yìn ni yóò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé òun ló ṣì rántí ohun tí kò yé e.